Ìwé Gírámà Wo Ni Ká Gbé Lọ sí T.P.?

Nígbà tí ìwé yìí yóò bá fi tẹ̀ yín lọ́wọ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti lẹ orúkọ ilé-ìwé tí wọ́n pín oníkálukú sí fún T.P. mọ́ ara ògiri. Ẹni tó máa kọ́ni ní báyọ́lọ́jì ń wá ọ̀pọ̀lọ́ kiri, ẹni tó máa kọ́ni ní jọ́gíráfì ń ya máàpù. Àwa tí a máa kọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìbéèrè kan ṣoṣo là ń bi ara wa: ìwé gírámà wo ni ká rà? Owó tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa kò lè ra ju ìwé kan lọ, bóyá méjì bí a bá fi ẹran du ara wa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí a bá sì ra èyí tí kò wúlò, àwa nìkan kọ́ ni yóò jìyà rẹ̀. Àwọn ọmọ ogójì tó wà nínú kíláàsì yóò bá wa jẹ níbẹ̀.

Kí a tó dárúkọ ìwé kankan, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí ojú wa rí lọ́dún tó kọjá. Àwa méjì ni wọ́n pín sí ilé-ìwé kan náà, kíláàsì JSS 2 ni wọ́n sì fún wa. Àwa méjèèjì, Sábó ni wọ́n bí wa sí, a gbọ́ Haúsá bí a ti gbọ́ Yorùbá, nítorí náà ọkàn wa balẹ̀. Ìwé tí a gbé dání jẹ́ ìwé pẹlẹbẹ kan tí a rà ní gáréèjì, tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé gbogbo gírámà tí WAEC àti JAMB lè béèrè ló wà nínú rẹ̀. Ojú ewé rẹ̀ kò pé ọgọ́ta.

Lọ́jọ́ tí a ń kọ́ wọn ní arọ́pò-orúkọ, ọmọdékùnrin kan nawọ́ láti ẹ̀yìn. Ó ní, "Uncle, ṣé 'Audu and Musa love themselves' tọ̀nà?" Ohun tó fẹ́ sọ ni pé ọ̀rẹ́ ni wọ́n, Audu fẹ́ràn Musa, Musa náà fẹ́ràn Audu. A yẹ ìwé pẹlẹbẹ wa wò. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ènìyàn méjì ni à ń lo "each other" fún, pé bí wọ́n bá ju méjì lọ, "one another" ni. Kò dárúkọ "themselves" rárá. A ní ó tọ̀nà. A kọ ọ́ sára pátákó, ọmọ ogójì sì dà á kọ. Ọmọ náà jókòó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ fi hàn pé ohun tí a sọ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Nígbà tí agogo lù, tíṣà tó ni kíláàsì náà, Málàm kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, pè wá sí ìta. Kò bú wa. Ó fi Haúsá bi wá pé, bí Audu bá fẹ́ràn Musa tí Musa náà fẹ́ràn Audu, kí ni Haúsá ń wí? A ní "suna son juna". Ó ní, bó bá jẹ́ pé oníkálukú wọn kò fẹ́ràn ẹlòmíràn àfi òun alára ńkọ́? A ní "suna son kansu". Ó ní, "Ó dáa, kí ni Yorùbá ń pe ti àkọ́kọ́?" A ní, "Wọ́n fẹ́ràn ara wọn." "Èkejì ńkọ́?" A dákẹ́ díẹ̀. A ní, "Wọ́n fẹ́ràn ara wọn náà ni." Ẹ̀rín ni Málàm fi dá wa lóhùn.

Ohun tó dùn wá jù nìyẹn. Haúsá ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀, Gẹ̀ẹ́sì náà yà wọ́n sọ́tọ̀, "each other" fún ti àkọ́kọ́, "themselves" fún èkejì. Yorùbá ló fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gbé méjèèjì. Ọmọ náà fura pé nǹkan kan kù, àwa tí a pe ara wa ní tíṣà la fi Yorùbá inú wa pa iná tó ti ń jó lọ́kàn rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì a padà dúró níwájú wọn, a ní ohun tí a kọ́ wọn lánàá kò tọ̀nà. Odidi pírìọ́dù kan la fi tú u palẹ̀. Kò sì dá wa lójú pé gbogbo wọn ló pa èyí àkọ́kọ́ rẹ́ nínú ìwé wọn.

Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ ohun tó yẹ ká béèrè lọ́wọ́ ìwé gírámà. Abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa kì í mú ìbéèrè kankan lọ́wọ́ lọ sí ilé ìtàwé. Èyí tó tóbi là ń wò, tàbí èyí tí èèpo rẹ̀ dára, tàbí èyí tí olùkọ́ wa ní yunifásítì dárúkọ. Ìwé tó wúlò fún ẹni tó máa kọ́ni ni èyí tó lè dáhùn àṣìṣe tó wà lẹ́nu àwọn ọmọ tí a máa kọ́, àti ṣáájú ìyẹn, àṣìṣe tó wà lẹ́nu àwa fúnra wa.

Irú àṣìṣe wo? Ẹ jẹ́ ká mú díẹ̀ nínú èyí tí Yorùbá bí fún wa. Yorùbá lè sọ pé "mo ti rí i lánàá" láìsí wàhálà, nítorí náà la fi ń sọ pé "I have seen him yesterday". Gẹ̀ẹ́sì kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá ti dárúkọ àkókò tó ti kọjá pátápátá, "have" gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá bi wá pé "Ṣé o ò lọ ni?" tí a kò sì lọ lóòótọ́, Yorùbá á ní "Bẹ́ẹ̀ ni, mi ò lọ", torí pé ohun tí ẹni náà sọ là ń gbà sí i lẹ́nu. Gẹ̀ẹ́sì á ní "No, I didn't". Ọ̀pọ̀ ìjà ló ti ṣẹlẹ̀ lórí "Yes, I didn't" láàárín àwa àti àwọn tí kò gbọ́ èdè wa. Lẹ́yìn èyí ni "ó", tó gbé ọkùnrin, obìnrin àti nǹkan pọ̀, tó fi jẹ́ pé ọmọ Yorùbá á máa pe ìyá rẹ̀ ní "he". Ọmọ Ìgbò tó jókòó tì í nínú kíláàsì ní irú ìṣòro yìí gan-an. Ọmọ Haúsá kò ní in, "shi" yàtọ̀ sí "ita" lẹ́nu rẹ̀ láti kékeré, ṣùgbọ́n nítorí pé ọkọ̀ jẹ́ abo ní Haúsá, ó lè pe mọ́tò ní "she" kí ó má sì rí ohun tó burú níbẹ̀.

Ti "s" ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-orúkọ ńkọ́? Ní Yorùbá, "ìwé" ni ìwé ń jẹ́, ìbáà jẹ́ ẹyọ kan tàbí ogún. Ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n nà wá títí nítorí "s" tí a gbàgbé, àwa náà wá ń fi "s" sí ibi gbogbo láti gba ara wa lọ́wọ́ ẹgba: "furnitures", "advices", "equipments". Tíṣà tó bá mọ ibi tí àṣìṣe yìí ti wá kò ní bínú sí ọmọ tó bá ṣe é.

Ẹ wá wò ó. Àwọn ìwé gírámà tó lókìkí jù lágbàáyé, kì í ṣe àwa ni wọ́n rò nígbà tí wọ́n ń kọ wọ́n. Ọmọ ilẹ̀ Sípéènì tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ pé òun "ní" ogún ọdún, torí pé bẹ́ẹ̀ ni èdè tirẹ̀ ń wí. Ìwé tí wọ́n kọ fún un á na àtẹ́lẹwọ́ sí ìyẹn. Àwa kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. Èyí kò sọ pé kí a má ra ìwé wọn. Ohun tí a ń wí ni pé kí á dán an wò kí a tó sanwó.

Bí a ṣe ń dán an wò kò le. Kí a kọ ìbéèrè márùn-ún sínú bébà, irú èyí tí a kà sílẹ̀ lókè yìí, kí a gbé e dání lọ sí ilé ìtàwé. Bí a bá ti mú ìwé, kí á ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n to ọ̀rọ̀ sí ní a-b-d pẹ̀lú ojú ewé wọn. Kí á wá "each other" níbẹ̀. Kí á wá "yes". Bí a kò bá rí mẹ́ta nínú márùn-ún, kí á dá ìwé náà padà sórí àtẹ, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Ìwé tí kò ní irú àtòjọ bẹ́ẹ̀ rárá, a lè gbà á fún iṣẹ́ àṣetiléwá àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ ìwé tíṣà. Ẹni tó ní ogójì ọmọ níwájú kò ní àyè láti máa ṣí ojú ewé kọ̀ọ̀kan.

Èyí tó yege jù nínú àwọn tí a dán wò ni "Practical English Usage" ti Michael Swan, tí Oxford kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1980. Ìwé ìbéèrè ni. Ohun tó ń dààmú akẹ́kọ̀ọ́ ló fi ṣe ìpìlẹ̀, ó ń fi èyí tó tọ̀nà àti èyí tí kò tọ̀nà hàn, ó sì ń sọ ìdí. Inú rẹ̀ ni a ti rí ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ Audu àti Musa. Ibẹ̀ náà la ti rí i pé òfin ìwé pẹlẹbẹ wa, èyí tó ya "each other" kúrò lára "one another", ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ni èdè kò pa á mọ́ mọ́ lóde òní. Ìwé wa ti lo gbogbo agbára rẹ̀ lórí ohun tí kò ṣe pàtàkì, ó sì fo èyí tó ṣe pàtàkì. Ẹ kíyè sí ohun kan nípa Swan: ní ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ títí dé ẹ̀kẹta, tó jáde ní 2005, a-b-d ni wọ́n fi to gbogbo rẹ̀ bí ìwé atúmọ̀ èdè. Ẹ̀kẹrin, ti 2016, orí ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi tò ó. Àwa fẹ́ràn ti àtijọ́ jù, ó sì dùn mọ́ wa pé òun náà ló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta tòkúnbọ̀. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé kò ní iṣẹ́ àṣetiléwá kankan. Tíṣà ló wà fún.

Ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ fún àwọn ọmọ ni Raymond Murphy yóò bá lò. "English Grammar in Use", tí Cambridge tẹ̀ ní 1985, kò sí bí ẹ kò ṣe ní rí i. Ojú ewé òsì ni àlàyé, ojú ewé ọ̀tún ni iṣẹ́. Bí a bá ti kọ́ wọn ní èyí tó wà lósì, kí á da èyí tó wà lọ́tún kọ sára pátákó, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti parí. Òun náà gbé "themselves" àti "each other" sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ọmọ lè rí ìyàtọ̀ wọn lójú kan. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Èyí tó ní èèpo búlúù yìí, ẹni tó ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dé ìdajì ni wọ́n kọ ọ́ fún. Fún JSS 1, pàápàá ní ilé-ìwé tí àwọn ọmọ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti ẹnu tíṣà nìkan, "Essential Grammar in Use" tó jẹ́ pupa, tó jáde ní 1990, ló yẹ wọ́n. Ọ̀nà méjì ni wọ́n sì ń tẹ àwọn ìwé yìí, ọ̀kan ní ìdáhùn lẹ́yìn, èkejì kò ní. Ẹ ra oní-ìdáhùn fún ara yín, kí ẹ má sì gbé e sílẹ̀ sórí tábìlì ní kíláàsì. Ẹ̀yin náà ti ṣe ọmọdé rí.

Thomson àti Martinet, "A Practical English Grammar", ti wà láti 1960. Ìtẹ̀jáde kẹrin rẹ̀, ti 1986, ṣì dára fún ẹni tó fẹ́ rí òfin ní ṣókí, iṣẹ́ rẹ̀ sì wà nínú ìwé mìíràn lọ́tọ̀.

Ní ti Quirk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, a mọ̀ pé àwọn kan nínú wa fẹ́ràn láti máa gbé e kiri. "A Comprehensive Grammar of the English Language" ti 1985 jẹ́ ojú ewé 1,779. Iṣẹ́ ńlá ni, kò sí ẹni tó lè bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ilé-ìkàwé ni ilé rẹ̀. Bí a bá fi èdè inú rẹ̀ kọ́ JSS 2, wọ́n á sùn. Àbúrò rẹ̀, "A University Grammar of English" ti Quirk àti Greenbaum, tó jáde ní 1973, ló yẹ kí àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì kà fún ìdánwò tiwa. Ìdánwò tiwa yàtọ̀ sí kíláàsì àwọn ọmọ.

Ìwé kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fojú di nítorí pé àwọn ẹ̀gbọ́n wa lò ó: "Brighter Grammar". Eckersley àti Macaulay ló kọ́kọ́ kọ ọ́, Phebean Ogundipe, ìyá wa ọmọ Yorùbá tó di olóògbé ní 2020, ló tún un ṣe. Ìwé mẹ́rin ni, ó ń gun òkè díẹ̀díẹ̀ láti ti kìíní dé ti kẹrin. Ìyá yìí kan náà àti Tregidgo ni wọ́n jọ kọ "Practical English" tí ọ̀pọ̀ òbí wa kà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ohun tí a rí nínú irú ìwé báyìí ni pé ẹni tó ti dúró níwájú ọmọ Nàìjíríà rí ló kọ ọ́. Bí owó bá wà fún ìwé méjì, tí ilé-ìwé tí wọ́n pín yín sí sì jẹ́ ti ìgbèríko, Swan fún yín àti "Brighter Grammar" fún àwọn ọmọ ni àwa máa mú.

Àwọn kan ní ẹ̀gbọ́n ní Amẹ́ríkà tó lè fi ìwé ránṣẹ́. Ohun rere ni. "Understanding and Using English Grammar" ti Betty Azar dára púpọ̀, àwọn àtẹ inú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà ló ń kọ́ni. Ará Amẹ́ríkà lè sọ pé "I already ate" kí ó sì tọ̀nà lọ́dọ̀ rẹ̀. Nínú ìwé tiwa, tó tẹ̀lé ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù, "I have already eaten" ni à ń kọ́ ọmọ. Bí a bá da méjèèjì pọ̀ mọ́ra lójú ọmọ, a ti dá kún wàhálà rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ìwé tó kún fún kìkì "má ṣe". Irú ìwé bẹ́ẹ̀ á ní a kò gbọ́dọ̀ fi atọ́kùn parí gbólóhùn. John Dryden, akéwì Gẹ̀ẹ́sì, ti bá àwọn tó ṣáájú rẹ̀ wí lórí èyí ní 1672, àwọn ẹlẹ́gírámà sì fà á lọ títí. Àwọn tó ni èdè kò jáwọ́ níbẹ̀, lójoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ "What are you looking at?" Ṣùgbọ́n kí a má tún lọ sí òdìkejì. Ní 2020, ìwé atúmọ̀ èdè ńlá ti Oxford gba ọ̀rọ̀ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n wọlé láti Nàìjíríà, "next tomorrow" wà lára wọn, ọ̀túnla wa. A yọ̀. Síbẹ̀ kí ọmọ má fi sínú àròkọ ìdánwò, nítorí pé ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ ni ìwé atúmọ̀ ń kọ sílẹ̀, kì í ṣe òun ló ń fún ọmọ ní máàkì.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ sanwó, ẹ ka ojú ewé ìwé náà. Ayédèrú pọ̀. A ti rí Murphy kan tí ojú ewé mẹ́jọ inú rẹ̀ funfun báláú. Ẹ wo ẹ̀yìn ojú ewé àkọ́kọ́ pẹ̀lú: kí wọ́n tún ìwé tẹ̀ lásán yàtọ̀ sí kí wọ́n tún un kọ, ẹlẹ́jọ̀ọ́ntà kò sì ní sọ ìyàtọ̀ rẹ̀ fún yín. Ní ti fóònù, gbogbo wa là ń béèrè ọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó sì wúlò, àfi pé ẹni tó bá ti dé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí á mọ ìdí tí ìwé fi wà.

Ó ku ìwé kan tí kò sí lórí àtẹ. Bí ọmọ Yorùbá bá ń sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀, "wọ́n" ló ń lò. Ó wá dé kíláàsì, ó ní "My father, they are not at home." Kò sí Swan, kò sí Murphy tó máa sọ fún yín ohun tí ẹ máa sọ fún ọmọ náà láì jẹ́ kó rò pé Gẹ̀ẹ́sì ní kó má bọ̀wọ̀ fún bàbá rẹ̀. Irú èyí, àwa ni ká kọ ọ́ fúnra wa sínú ìwé àkọsílẹ̀: àṣìṣe lápá òsì, èdè tó bí i láàárín, àtúnṣe lápá ọ̀tún. Ẹni tó bá máa kọ ọ́ dáadáa yóò nílò láti mọ gírámà Yorùbá pẹ̀lú, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ àwa tí a dàgbà sí òkè ọ̀hún ti kù díẹ̀ káàtó. "Fonọ́lọ́jì àti Gírámà Yorùbá" tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ ní 1990 wúlò níbẹ̀. Láti 1852 ni Ajayi Crowther ti kọ gírámà èdè wa fún àwọn tó fẹ́ kọ́ ọ. Ìtìjú ni yóò jẹ́ bí àwa bá lọ kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní gírámà, tí a kò mọ bí "ara wọn" ṣe ń ṣiṣẹ́.

Àwa méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ ìwé àkọsílẹ̀ náà, ó ti tó ojú ewé méjìlá. Ọ̀dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ la gbé e sí. Ẹni tó bá ń lọ sí T.P. lè dà á kọ, kí ó sì fi tirẹ̀ kún un nígbà tó bá dé. A tún ń wá "Brighter Grammar" kejì àti ẹ̀kẹta fún kọ́bọ́ọ̀dù ẹgbẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní in nílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèpo rẹ̀ ti ya, kí ó jọ̀ọ́ gbé e wá kí a tó túká.